Gbogbo Aláǹgbá Ló Dakùn Délẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Mọ́tò

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo, ó ń fi àwòrán hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Mọ́tò ni gbogbo rẹ̀. Èyí dúdú, èyí bí eérú, èyí pupa bí ata rodo, gbogbo wọn ni wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n ti fi nǹkan pa lára, tí wọ́n ń kọ mànà. Tíṣà ni, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí owó tó fẹ́ yá. Ó ní, "Mọ́mì Kékeré, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ gbé tuntun nínú ọ̀rá, kí n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àbí kí n ra tòkunbọ̀ kí n sinmi?"

"Kí n sinmi" yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín. Mo nawọ́ sí ògiri ọgbà. Aláǹgbá mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń yá oòrùn. Mo bi í pé èwo nínú wọn ni inú ń run. Tíṣà kì í ṣe òpè; ó ti mọ ibi tí mò ń lọ kí n tó dé ibẹ̀.

Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọmọ ènìyàn ni àwọn àgbà ń fi òwe yẹn bá wí: à ń kí ara wa lọ́nà, à ń rẹ́rìn-ín, oníkálukú sì mọ ohun tó bò mọ́ abẹ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ lọ dúró níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò lọ́jọ́ kan, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé torí ibẹ̀ ni wọ́n ṣe pa á. Wọ́n tò wọ́n ní ìlà, wọ́n jẹ́ kí wọ́n kọjú sí títì, orí wọn ń dán. Ikùn wọn, níbi tí ìpata ń gbé, tí ọ́ìlì ti ń jò, tí wọ́n ti fi iná jó irin tó ti ṣẹ́, ilẹ̀ ni ikùn yẹn kọjú sí. Ẹni tó bá ra orí, ó ti ra ikùn mọ́ ọn.

Aláǹgbá kan náà ni wọ́n ní ó já láti orí ìrókò gíga, tó mi orí, tó ní bí ẹnikẹ́ni ò bá yin òun, òun á yin ara òun. Àwọn tó ń ta mọ́tò mọ òwe yìí jù wá lọ. Ṣé ẹ ti gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń sọ àwọn mọ́tò yìí? Toyota Camry kan ń jẹ́ "Big Daddy", àbúrò rẹ̀ ń jẹ́ "Muscle". Honda Accord tó jáde fún 2003 ni wọ́n pè ní "End of Discussion", ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ti parí, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ̀rọ̀ mọ́. Èyí tó tẹ̀lé e wá di "Evil Spirit"! Mo bi ọmọ náà pé ta ló ń fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀mí àìmọ́ wọlé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀kan wà nínú àwòrán tó kó wá.

Èmi náà ti ra èyí tí inú ń run rí, ìyẹn ni mo ṣe lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ọdún 2007 ni. Mo kó owó tí mo ti ń tọ́jú fún ọdún mẹ́rin, mo gba Èkó lọ. Mo rí ọkọ̀ kan tí ara rẹ̀ ń dán, tí inú rẹ̀ ń ta sánsán bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ọkùnrin tó ń tà á ní ìyá àgbà kan ló lò ó ní Amẹ́ríkà, ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló sì máa ń gbé e lọ. Gbogbo tòkunbọ̀ ni ìyá àgbà kan lò rí. Mi ò tíì mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń gùn. Mo san owó. A kọjá Ìbàdàn, a dé Ìkirè, mo ní kí awakọ̀ dúró kí n ra dòdò fún àwọn ọmọ. Kí n tó gba ṣéńjì, mọ́tò ti kú. Iná rẹ̀ lọ, fèrèsé ò gòkè mọ́, ohun tó ń nu omi lójú dígí nìkan ló ṣì ń lọ tó ń bọ̀ fúnra rẹ̀ nínú oòrùn gangan. Okùn la fi wọ́ ọ dé Òṣogbo. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ dòdò Ìkirè, ọjọ́ yẹn nìkan ni kò dùn lẹ́nu mi.

Ríwáyà, ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, tó yẹ̀ ẹ́ wò kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó kàn ká kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ rẹ̀ sókè, ó nawọ́ sí abẹ́ ìjókòó. Ẹrọ̀fọ̀ gbígbẹ ló wà níbẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí èyí tí àgbàrá fi sílẹ̀ lẹ́yìn òjò. Omi ti bo ọkọ̀ náà rí. Ẹ rántí pé ní oṣù Ògún 2005, ìjì Katrina fi omi bo New Orleans ní Amẹ́ríkà, mọ́tò tó rì níbẹ̀ kò níye. Mi ò lè sọ pé tèmi wà lára wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa ti yé mi. Ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò á san owó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á gbé ọkọ̀ lọ ta ní gbàǹjo, ẹnìkan á rà á lọ́pọ̀, á fọ̀ ọ́, á sá a sóòrùn, á fín lọ́fínńdà sí i, á wá gbé e gun orí òkun. Omi tó ti wọ inú wáyà kì í pariwo. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀, títí ibẹ̀ á fi dọ̀bu, tí iná ò ní lè kọjá mọ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń tún un ṣe kí n tó tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ palẹ̀.

Wọ́n ní aya tí a fẹ́ lójú ijó, ìran ni yóò wò lọ. Ojú ijó ni mo ti fẹ́ ọkọ̀ yẹn. Òórùn lọ́fínńdà ni mo rà, wọ́n fi mọ́tò ṣe ènì.

Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Mo sọ fún ọmọ náà pé bó bá jẹ́ ọwọ́ oníṣòwò ló ti fẹ́ rà á, àárọ̀ kùtù ni kó lọ, kó má sì sọ aago tó ń bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kó tó kí wọn tán, kó ti gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, wọ́n ti tan ẹ́ńjìnì náà kó tó dé. Bó ṣe ń jí gan-an ni wọn ò fẹ́ kó rí. Ẹ́ńjìnì tó ń ṣàìsàn, ìgbà tó bá tutù ló ń sọ tinú rẹ̀, bí arúgbó tí orúnkún ń dùn láàárọ̀. Bó bá ti rìn díẹ̀, á ní kò sí nǹkan. Kó ní kí wọ́n tan án ní tútù, kí òun dúró sẹ́yìn níbi tí èéfín ń gbà jáde. Èéfín tó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó. Èyí tó funfun, tí kò sì tán nígbà tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, omi ti ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀, ó lè jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì pàdé nínú ẹ́ńjìnì, ti lọ. Èyí tó dúdú, epo ló ń jẹ ní àjẹjù. Ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo. Kò yẹ kí àwọ̀ èéfín ṣòro fún wa láti dá mọ̀.

Ìyá mi rẹ aṣọ nígbà ayé rẹ̀. Bó bá fẹ́ ra àdìrẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kì í wo ọnà ara rẹ̀ rárá. Á fi omi tọ́ ìka, á fi ra igun aṣọ náà. Bí aró bá bá ìka lọ, ó ti mọ̀ pé wọn ò tì í bọ inú ìkòkò aró tó bó ṣe yẹ, wọ́n kàn yára gbé e jáde kí ó lè dé ọjà. Ẹ fi irú ojú yẹn wo ọ̀dà ara mọ́tò. Ẹ máa fi ìka kàn án ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Níbi tí dídún rẹ̀ bá ti yí padà, páńẹ́lì bítà ti fi nǹkan rọ́ ibẹ̀, ọkọ̀ náà ti kọlu nǹkan rí. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí. Bí ohun tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ bá rí bí ẹ̀kọ tí wọ́n da mílíìkì sí, omi àti ọ́ìlì ti pàdé nínú ẹ́ńjìnì nìyẹn, ẹ kí wọn kí ẹ máa lọ. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí, kí ẹ wò ó bóyá ilà omi wà lára rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa ń rántí fọ ibẹ̀.

Ti kìlómítà ńkọ́? Wọ́n ń yí i padà sẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ẹ wo rọ́bà orí bírékì, ẹ wo ara ìdarí níbi tí ọwọ́ máa ń wà, ẹ wo ìjókòó awakọ̀. Bí kìlómítà bá ní 60,000 tí rọ́bà bírékì sì ti jẹ tán, ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń sọ òótọ́. Ara táyà náà ní ìwé tirẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rin kan wà ní ìparí àwọn àmì tó tẹ̀lé lẹ́tà DOT. Bẹ́ ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti gbó, bó tilẹ̀ ṣì ní eyín, mi ò ní gbé e gba ọ̀nà Gbọ̀ngán nínú oòrùn ọ̀sán.

Ohun tí tíṣà ìṣirò mi fẹ́ràn jù ni nọ́ńbà ṣásí. Àmì 17 ni, nọ́ńbà àti lẹ́tà, wọ́n kọ ọ́ sí igun dáṣíbọ́ọ̀dù lábẹ́ dígí iwájú àti sí ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Àmì àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀: J ni Japan, W ni Jámánì, 1, 4 àti 5 ni Amẹ́ríkà. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Kí n tó sọ ọ́ tán ó ti dìde, ó ti lọ tẹ̀ sí ara mọ́tò tèmi, ó ń kà á síta. Nọ́ńbà yìí náà ni wọ́n fi ń wo ìtàn ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá ó ti kọlu nǹkan, bóyá omi ti gbé e rí. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún un. Ká ní mo mọ̀ nígbà náà ni!

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mẹ́káníìkì ni àgbà ọjà yìí, ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín pé àgbà ta ni. Èyí tó ń jẹ owó alágbàtà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, orí ọmọ tuntun á wọ́ lójú rẹ̀, kò ní rí i. Ẹ mú tiyín lọ, kí ẹ san owó ọjọ́ náà fún un kí ẹ tó kúrò nílé, kó jẹ́ pé ẹ ra ọkọ̀ o, ẹ ò rà á o, owó rẹ̀ ti wọ àpò. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ óò rí i pé ọkùnrin tó bá tẹ̀lé yín ni wọ́n á máa dojú ọ̀rọ̀ kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ gbé owó lọ́wọ́. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tẹ́rùn, kí n tó béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà kẹ́yìn.

Lórí ìwé ọkọ̀, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ìwé ẹni tó ni ín, kí orúkọ àti nọ́ńbà ṣásí bára mu. Nígbà kan, Kútọnu ni gbogbo wa ń wọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de gbígbé mọ́tò wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀, nítorí náà, ẹni tó bá ń ta ọkọ̀ fún yín tó ní Sẹ̀mẹ̀ ló gbà wọlé láìpẹ́, ẹjọ́ ló ń tà pọ̀ mọ́ ọn.

Mo mọ̀ pé ó ń retí kí n bú tuntun. Mi ò bú u. Aláǹgbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, inú kì í run ún. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é á bá ọ ṣe àdéhùn àtúnṣe, ó sábà máa ń jẹ́ ọdún mẹ́ta tàbí 100,000 kìlómítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ṣùgbọ́n àdéhùn yẹn ní okùn lẹ́sẹ̀: ibi tí wọ́n bá yàn ni wàá ti máa tún un ṣe, èyí sì lè jẹ́ Ìbàdàn tàbí Èkó. Ẹni tí owó rẹ̀ ká a, tó sì fẹ́ lò ó fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀, kó rà á, kó jẹ ayé rẹ̀.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kí oṣù Òkúdù 2023 tó dé ìdajì, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Nínú ọdún 2024, ó kọjá 1,500. Mọ́tò tuntun kò le ju bó ṣe wà lọ, owó wa ló rọ̀. Ní 29 oṣù Èbìbí ọdún 2023 kan náà ni ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Mo ní kó ṣe ìṣirò tó ń kọ́ àwọn ọmọ: kó kọ owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀, kó yọ ohun tí alájẹṣẹ́kù á máa gé, kó yọ epo, kó yọ owó ilé-ìwé ọmọ méjì. Ó ṣe é lẹ́yìn páálí bisikíìtì kan. Iye tó ṣẹ́ kù kò ra táyà méjì. Ó yí páálí náà dojú dé.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn kì í rò mọ́ tuntun. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Corolla àtijọ́ ti ní àkísà. Gbogbo mẹ́káníìkì láti Ọlá-Ìyá dé Ìgbóòná ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú u, ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní Gate n'Ìbàdàn, ó kún Ládipọ̀ l'Ékòó, tuntun ni o, àlòkù ni o. Mọ́tò tó jáde lọ́dún méjì sẹ́yìn láṣọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí gíláàsì iná iwájú rẹ̀ bá fọ́, ta ló ní àkísà rẹ̀ tí a ó fi lẹ̀ ẹ́?

Èyíkéyìí tí ènìyàn bá sì rà, kò sí bí a ṣe lè ṣe Ifá kó má hu ìwà èkùrọ́. Mọ́tò á máa jẹ. Á jẹ ọ́ìlì, á jẹ bírékì, á jẹ bátìrì. Ìbánigbófò tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí a ń san 5,000 náírà fún, di 15,000 láti oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2023. Ẹni tó bá kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ lé mọ́tò lórí, ẹsẹ̀ ni yóò máa fi rìn lọ wò ó níbi tó dákẹ́ sí.

Ibi tí èmi wá dúró sí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ gbọ́ ọ. "Nàìjíríà lò" ni mo ní kó rà. Ojú rẹ̀ bàjẹ́. Nílùú yìí, bí ènìyàn bá ní Nàìjíríà lò lòun rà, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó ra bàtà òkú. Wọ́n á ní ọ̀nà wa ti pa á, wọ́n á ní ẹni tó ń tà á ti mọ ohun tó rí. Òótọ́ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tí a kò mọ̀ ni, mi ò ní sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n aláǹgbá tó wá láti òkè òkun, ta la fẹ́ bi nípa inú rẹ̀? Ìyá àgbà tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Èyí tó ti ń gbé ògiri wa láti ọjọ́ yìí, a mọ ohun tó ń jẹ, a mọ ọjọ́ tó já bọ́.

Bàbá kan wà ní Àyétòrò, ọ̀gá ilé-ìwé ni tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ lálẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ní kó má wakọ̀ mọ́. Corolla 2008 ló ní. Tòkunbọ̀ ló rà á, ọdún mọ́kànlá rèé tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ mẹ́káníìkì rẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ni láti ọjọ́ tó ti rà á. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bàbá yìí ní ìwé kan, ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ iṣẹ́ sí, èyí tí kìlómítà àti ọjọ́ tó pààrọ̀ ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìgbà tó ra bátìrì, ìgbà tí radiétọ̀ jò, iye tó ná. Bírò búlúù ló fi kọ ọ́, ó sì fi pupa fàlà sábẹ́ ibi tó bá dùn ún. Ikùn aláǹgbá náà ló wà nínú ìwé yẹn, kò sí ohun tó pa mọ́. Ara ọkọ̀ náà ti họ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì ní jáde dáadáa nínú àwòrán. Iye tí bàbá ń pè é kò dé ìdajì ohun tí wọ́n ń béèrè lórí àwọn tó wà nínú fóònù.

Mo kìlọ̀ fún un nípa ohun kan. Ilé àgbà ló ń lọ, kì í ṣe ibùdó oníṣòwò. Kó ti pe bàbá ṣáájú, kó tọrọ àyè pé òun fẹ́ mú mẹ́káníìkì wá, kó sì dọ̀bálẹ̀ kó tó wọ abẹ́ mọ́tò. Bàbá ní kó wá lẹ́yìn ìrun àárọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun ò ní tan án rárá kó tó dé. Mo ní á dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó ṣì gbé ọwọ́ lé e.

Láàárọ̀ òní, aago mẹ́fà ààbọ̀ kọjá díẹ̀, fóònù mi dún.

"Mọ́mì Kékeré, ẹ káàárọ̀ mà. Mo ti dé ilé bàbá. Mo ti gbé ọwọ́ lé e."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó tutù bí omi àmù."

Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n tan án, kó sì lọ dúró sẹ́yìn.